Gbágùúdá àti àrùn iṣan: ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kò tíì parí

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, àìsàn kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ sí í fa àkíyèsí àwọn dókítà. Àwọn àgbàlagbà ni ó ń bá jà jù. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn a máa ta wọ́n bí ẹni tó tẹ iná, lẹ́yìn náà a sì kú tipiri. Bí wọ́n bá ń rìn, wọ́n á ya ẹsẹ̀ gbàgàdà, wọ́n á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ jábọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ojú kò rí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ mọ́, wọ́n á ṣubú. Ojú àwọn mìíràn ń ṣe bàìbàì, etí àwọn mìíràn sì ń di díẹ̀díẹ̀.

Dókítà tó kọ́kọ́ kọ̀wé ìwádìí tó kún lórí àìsàn yìí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ni Gottlieb Lobe Monekosso, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ẹni tó di olùdarí Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ilẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 1985 títí di 1995. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Òkèmẹ̀sí Èkìtì kan, Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tí a bí ní ọdún 1935, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà sí Ìbàdàn. Ohun tí Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí láàárín ọdún 1966 sí 1970 ni ó sọ oúnjẹ kan tí gbogbo ilé ń jẹ di ẹlẹ́jọ́ níwájú àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Oúnjẹ náà ni gbágùúdá, tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀gẹ́ tàbí pákí.

Ó yẹ kí a là á yé ara wa ohun tí a ń pè ní iṣan. Èdè Yorùbá lo ọ̀rọ̀ kan yìí fún nǹkan mẹ́ta: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ẹran ara tí a fi ń gbé ẹrù, àti fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ àti ara. Fọ́nrán kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín. Àwọn kan ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí ẹsẹ̀ pé kí ó gbéra. Àwọn mìíràn ń gbé ìròyìn padà láti àtẹ́lẹsẹ̀ sí ọpọlọ, pé ilẹ̀ gbóná, pé ilẹ̀ tutù, pé orúnkún ti tẹ̀. Bí àwọn tí ń gbé àṣẹ bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ á le tàbí kí ó rọ. Bí àwọn tí ń gbé ìròyìn bá bàjẹ́, agbára ṣì lè wà nínú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò mọ ibi tí ó wà mọ́.

Ohun tó ń ṣe àwọn ará Ìjẹ̀bú ni ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí. Ọ̀nà tí dókítà fi ń mọ̀ ọ́n kò gba ẹ̀rọ kankan. Yóò ní kí aláìsàn dúró, kí ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ó sì di ojú. Ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò dúró. Ẹni tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ ti bàjẹ́ yóò máa mì, yóò sì fẹ́ ṣubú, nítorí ojú nìkan ló ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òun dúró.

Báwo ni gbágùúdá ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí? Inú ewé àti iṣu gbágùúdá ni èròjà kan wà tí à ń pè ní línámárìn. Bí a bá gé gbágùúdá, tí a rin ín, tàbí tí a rẹ ẹ́ sómi, línámárìn yóò pàdé èròjà mìíràn nínú gbágùúdá kan náà, wọn yóò sì tú sáyánáìdì sílẹ̀. Májèlé gan-an ni sáyánáìdì. Ọgbọ́n tí ewéko náà dá nìyẹn kí kòkòrò àti ẹranko má baà jẹ ẹ́ tán. Èyí tó korò máa ń ní in ju èyí tí kò korò lọ.

Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ línámárìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti í lé e jáde. Gbogbo làálàá tó wà nínú gààrí ṣíṣe, láti bíbó dé rírin, láti dídì í sínú àpò lábẹ́ òkúta fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi kan, dé sísẹ́ àti yíyan lórí iná, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Omi tí ń ro jáde nínú àpò ń gbé májèlé lọ, kíkan ń tú u sílẹ̀, iná sì ń lé ìyókù sínú afẹ́fẹ́. Láfún àti fùfú náà ní ọ̀nà tiwọn, tí í ṣe rírẹ nínú omi fún ọjọ́ púpọ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú tí àwọn ènìyàn ń yìn nítorí pé ó kan dáadáa, kíkan náà kì í ṣe fún adùn nìkan.

Síbẹ̀ díẹ̀ lè ṣẹ́kù. Ara ènìyàn ní ọ̀nà tí ó fi ń pa díẹ̀ yìí rẹ́: yóò so sáyánáìdì mọ́ imí-ọjọ́, yóò sọ ọ́ di tíósáyánéètì tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, yóò sì tọ̀ ọ́ jáde. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni ara ti ń rí imí-ọjọ́ yìí. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà ní òwúrọ̀, ẹ̀bà ní ọ̀sán, ẹ̀bà ní alẹ́, tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ju omi àti ata lọ, ń gba májèlé sára, kò sì rí ohun tí yóò fi pa á.

Ìrònú Ọ̀ṣúntókun nìyẹn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì tì í lẹ́yìn. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé tíósáyánéètì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, àti pé àwọn èròjà onímí-ọjọ́ kò tó nínú ara wọn. Bí wọ́n bá gba aláìsàn sí ilé ìwòsàn tí wọ́n sì ń bọ́ ọ ní oúnjẹ mìíràn, tíósáyánéètì yóò lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1968 ni ó tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí à ń pè ní Brain, orúkọ rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ayé. Ní ọdún 1969, òun, Monekosso àti Wilson gbé ìwádìí mìíràn jáde tó wo àwọn ìlú fúnra wọn, kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan.

Nǹkan kan kò lọ bí wọ́n ti rò. Ní ọdún 1970 ni wọ́n gbé àbọ̀ ìdánwò kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fún àwọn aláìsàn ní irú fítámì B kan tó lè gbá sáyánáìdì mú nínú ara, pẹ̀lú fítámì B mìíràn. Bí sáyánáìdì bá jẹ́ ọ̀tá, ó yẹ kí ìwòsàn yìí ṣe àwọn aláìsàn ní oore. Oore náà kò hàn. Ó lè jẹ́ pé iṣan tó ti bàjẹ́ pẹ́ kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni àìsàn ń gbà wọlé.

Bí ti Ìjẹ̀bú ti ń lọ báyìí, àrùn mìíràn wà ní apá ibòmíràn ní Áfíríkà tí òun náà ń tọ́ka sí gbágùúdá. Ní ọdún 1938, dókítà ọmọ Ítálì kan, Giovanni Trolli, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ẹkùn Kwango ní Kóńgò, tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣàkóso nígbà náà. Kónsò ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ní èdè Yaka, orúkọ náà jẹ mọ́ ẹsẹ̀ tí a so pọ̀.

Kónsò kì í yọ́ wọlé bíi ti Ìjẹ̀bú. Ọmọdé lè sùn tọ̀nà-tọ̀nà, kí ó jí ní òwúrọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti le gbagidi. Kò sí ibà, kò sí ìrora púpọ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀, ó ti dé òpin ibi tí yóò dé, kì í pọ̀ sí i, kì í sì í lọ. Ọmọ náà á máa rìn lórí ìka ẹsẹ̀, orúnkún á máa gbá ara wọn. Ẹni tó bá pọ̀ lára rẹ̀ kò ní lè rìn mọ́ láé. Iṣan tí ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ gba inú eegun ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀ ló bàjẹ́. Àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́ta àti àwọn obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ń kọlù jù. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú kì í ní in.

Ní ọdún 1981, ní ẹkùn Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì, ọ̀dá kọlu ilẹ̀. Gbágùúdá tó korò nìkan ló kù nínú oko, ọ̀dá náà sì mú kí májèlé inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Ebi kò jẹ́ kí àwọn obìnrin dúró de ọjọ́ tí ó yẹ kí ó fi gbẹ. Ju ènìyàn 1,100 lọ ni ẹsẹ̀ wọn le. Dókítà ọmọ Súwídìn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Nacala, Hans Rosling, wà lára àwọn tó lọ ṣe ìwádìí. Ní àkọ́kọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àrùn tó ń ràn ni. Nínú ìwé rẹ̀ Factfulness, tó jáde ní 2018 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Rosling sọ pé olórí ìlú Nacala bi òun bóyá ó yẹ kí wọ́n dí ọ̀nà, òun sì dáhùn pé ó yẹ kí wọ́n ṣe nǹkan kan. Wọ́n fi ológun dí ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó fẹ́ lọ ta ọjà kò rí mọ́tò wọ̀, wọ́n gba ojú òkun, ọkọ̀ ojú omi dojú dé, àwọn ìyá àti ọmọ wọn sì kú sínú omi. Àrùn náà kò ràn rárá. Oúnjẹ ni.

Ìwádìí tí Thorkild Tylleskär, Rosling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní ẹkùn Bandundu ní Kóńgò ṣàlàyé nǹkan kan tó yẹ kí àwọn oníṣòwò gààrí wa fi etí sí. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ebi nìkan ló ń mú kí ènìyàn dín ọjọ́ kù. Nígbà tí ọ̀nà ọlọ́dà dé agbègbè náà, ọkọ̀ akẹ́rù láti Kinshasa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra gbágùúdá lọ́pọ̀ yanturu. Owó wà níbẹ̀, àwọn obìnrin sì dín ọjọ́ tí wọ́n fi ń rẹ gbágùúdá sómi kù kí ọjà lè yá. Ọ̀nà tó dára, tí gbogbo ìlú ń gbàdúrà fún, ló ṣí ilẹ̀kùn fún kónsò.

Ìyẹ̀fun gbágùúdá tí àjọ àgbáyé fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 10 sáyánáìdì lọ nínú kílógíráàmù kan. Bébà aláwọ̀ ìyeyè kan wà tí àwọn olùwádìí fi ń wọ̀n ọ́: bí sáyánáìdì bá pọ̀, bébà náà á pọ́n. Howard Bradbury ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọsirélíà ní Canberra ló mú kí irú àyẹ̀wò yìí rọrùn débi pé ó ṣeé ṣe ní abúlé. Òun náà ló gbé ọ̀nà ìwẹ̀nùmọ́ kan kalẹ̀ tó rọrùn púpọ̀. Obìnrin á da ìyẹ̀fun sínú abọ́, á fi àmì sí ibi tó ga dé, á máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀, á máa rò ó. Ìyẹ̀fun á kọ́kọ́ rọlẹ̀, lẹ́yìn náà á tún ga padà dé ojú àmì. Nígbà náà ni yóò tẹ́ ẹ sórí ẹní ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fún wákàtí méjì nínú oòrùn tàbí márùn-ún lábẹ́ òjìji. Sáyánáìdì á fò lọ. Ọjọ́ yẹn náà ni wọn yóò rò ó jẹ.

Abúlé Kay Kalenge ní Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán èyí wò láti dènà kónsò, láàárín ọdún 2010 sí 2011. Ènìyàn 34 ló ti ní kónsò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin abúlé náà, kò sí ẹlòmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Nínú gbogbo ohun tí ìwádìí ti ṣe lórí àrùn yìí láti ọdún 1938, bóyá òun ló ṣe aráyé láǹfààní jù, abọ́, omi àti ẹní sì ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kónsò ti mú, kò tíì sí oògùn tó lè tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìpalára náà kò sì mọ sí ẹsẹ̀. Onímọ̀ ìṣègùn ọmọ Kóńgò kan, Desire Tshala-Katumbay, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àti Michael Boivin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2013 lórí àwọn ọmọ tó ń gbé ní agbègbè kónsò. Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn le kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò ìrántí àti ìrònú. Èyí tó bani lẹ́rù jù ni pé àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn dá ní agbègbè kan náà, àwọn náà kò ṣe tó àwọn ọmọ ibi tí kò sí kónsò.

Ó wá ku ti ilé. Kí ló dé bá àìsàn Ìjẹ̀bú lẹ́yìn Ọ̀ṣúntókun, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, tó tún lọ ṣe ìwádìí ńlá lórí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis, tó sì kú ní ọdún 1995? Ọ̀pọ̀ rò pé àìsàn náà ti lọ pẹ̀lú àwọn ọdún ìṣẹ́. Dókítà O. S. A. Olúwọlé, pẹ̀lú Rosling àti àwọn mìíràn, lọ wò ó ní Òsósà, ìlú àwọn Hubert Ògúndé onítíátà, nítorí pé Òsósà wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti dárúkọ ní 1969. Wọ́n ka gbogbo ará ìlú, wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé. Nínú ènìyàn 3,428 tó ti pé ọdún mẹ́wàá sókè tí wọ́n yẹ̀ wò, 206 ló ní àìsàn náà. Ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn: ìdá 3.9 láàárín ọkùnrin, ìdá 7.7 láàárín obìnrin. Láàárín àwọn obìnrin tó wà ní ẹni ọgọ́ta ọdún sí mọ́kàndínláàádọ́rin, ó tó ìdá 24, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ obìnrin kan nínú mẹ́rin. Ní ọdún 2000 ni àbọ̀ yìí jáde, wọ́n sì sọ pé iye náà ju ti ọgbọ̀n ọdún ṣáájú lọ.

Ẹni tó bá dúró síbí yóò rò pé ẹjọ́ gbágùúdá ti dá. Olúwọlé fúnra rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Ó lọ sí ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń gba sáyánáìdì púpọ̀ láti inú oúnjẹ gbágùúdá, ó sì rí i pé àìsàn náà kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Èyí jáde ní 2002. Ní 2003, ìwádìí mìíràn láti agbègbè tí àìsàn náà ti wọ́pọ̀ sọ pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àìsàn kò jẹ gbágùúdá ju àwọn aládùúgbò wọn tí ara wọn le lọ, tíósáyánéètì inú ara wọn kò sì ju tàwọn yẹn. Àlàyé tí gbogbo ìwé ìṣègùn ti ń tún sọ láti 1968 wá di ohun àríyànjiyàn. Kì í ṣe pé Ọ̀ṣúntókun rí ohun tí kò sí. Àìsàn náà wà níbẹ̀, ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tó ń fà á ni kò tíì dá àwọn onímọ̀ lójú.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní ọdún 1897, Henry Strachan kọ̀wé nípa àìsàn tó jọ ọ́ gan-an láàárín àwọn ará Jàmáíkà. Ó tún bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ogun ní Ogun Àgbáyé Kejì, tí ebi ń pa ní àgọ́. Ní Kúbà, láàárín 1991 sí 1993, nígbà tí oúnjẹ wọ́n lẹ́yìn tí ìjọba Sófíẹ́tì wó, ó lé ní ènìyàn 50,000 tí ojú tàbí ẹsẹ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà yìí. Àwọn tó ń mu sìgá ló pọ̀ jù nínú wọn. Èéfín sìgá náà sì ní sáyánáìdì. Ìjọba Kúbà pín oògùn fítámì fún gbogbo ará ìlú ní 1993, àjàkálẹ̀ náà sì rọlẹ̀. Àìtó fítámì B wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń fura sí jù ní Kúbà, ó sì lè ní ọwọ́ nínú ti Ìjẹ̀bú náà.

Fún ẹni tó ń ṣe gààrí tàbí tó ń rà á, àríyànjiyàn yìí kò sọ májèlé inú gbágùúdá di omi. Kónsò wà, gbágùúdá tí a kò ṣe dáadáa ló sì ń fà á. Èyí kò sí nínú iyèméjì mọ́. Gààrí tí wọ́n rin lónìí tí wọ́n sì yan lọ́la, kí olówó má baà lọ, kò tíì kan. Nàìjíríà ló ń gbin gbágùúdá jù lágbàáyé, nítorí náà ìkánjú díẹ̀ ní ìdí ẹ̀rọ ìrinpákí lè kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ikùn. Kí ẹja, ẹyin, ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà wà pẹ̀lú ẹ̀bà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà olówó. Àkàrà àti gààrí tí àwọn ọmọ iléèwé ń jẹ lọ́sàn-án ti ṣe iṣẹ́ náà láìmọ̀.

Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á tàbí tó ń kú, kí ó má ṣe fi gbágùúdá ṣe àwáwí, kí ó sì jókòó sílé. Ìtọ̀ ṣúgà, ọtí àmupara, àrùn kògbóògùn àti àwọn oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kan náà ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní ìtọ́jú bí a bá tètè mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò ṣúgà kì í gba ju ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lọ.

Ní Kóńgò, ìwádìí ti kúrò nínú ìkòkò, ó ti wọ inú ìfun. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà àti Kinshasa tẹ ìwé jáde lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ìfun àwọn ọmọ ní Kahemba, níbi tí kónsò ti pọ̀. Wọ́n rí i pé wọ́n yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ ibòmíràn, pàápàá ní ti agbára láti tú línámárìn tàbí láti pa sáyánáìdì rẹ́. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ ìdí tí àwọn ọmọ méjì fi lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, kí ẹsẹ̀ ọ̀kan le, kí èkejì sì sáré lọ sí odò.